Dókítà Oku Ampofo (1908–1998): Oníṣègùn Tí Ó Gbé Àgbo Lé Orí Òṣùwọ̀n

Ní Ayépé, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú àti ìletò ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìkòkò àgbo kì í ṣe ohun àjèjì nínú ilé. Bí ibà bá mú ọmọ, ewé dongóyárò, ewé orúwọ, èèpo awọpa, èèpo ahùn àti ewé tíì ni àwọn àgbà máa ń wá. Wọn a kó wọn sínú ìkòkò, wọn a bomi sí i, wọn a sì gbé e kaná títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n. Aláìsàn yóò mu nínú rẹ̀, yóò fi wẹ̀, wọn yóò sì da aṣọ bò ó kí ooru rẹ̀ lè mú un làágùn. Ìmọ̀ tí ó ti pẹ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ìyá tí ó se àgbo náà léèrè pé ife mélòó ni ó yẹ kí ọmọ ọdún márùn-ún mu, mélòó ni ti àgbàlagbà, ọjọ́ mélòó ni àgbo lè lò nínú ìkòkò kí agbára rẹ̀ tó dín kù, ìdáhùn ìyá kan kò ní í bá ti èkejì mu. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí gan-an ni Dókítà Oku Ampofo, ọmọ ilẹ̀ Ghana, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wá ìdáhùn sí.

Ghana kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí Yorùbá. Láti ìgbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Gold Coast ni àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń gbé ibẹ̀, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969 tí àṣẹ ìjọba Busia lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn padà wá sílé. Igbó ibẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí igbó Ìjẹ̀bú. Kòkó àti obì ń so níbẹ̀ bí ó ti ń so níhìn-ín, ọ̀pọ̀ igi àti ìtàkùn tí àwọn Akan fi ń ṣe egbòogi ni Yorùbá náà mọ̀, tí wọ́n sì ní orúkọ fún. Ìtàkùn tí ìtàn yìí yóò pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nibima ni wọ́n ń pè é ní èdè Twi, pàránpupa sì ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Ó tọ́ kí a fi kún un pé Yorùbá ti ní dókítà tí ó wo ìmọ̀ ìbílẹ̀ fínnífínní ṣáájú Ampofo. Dókítà Oguntola Sapara, tí a bí ní Freetown ní 1861 ṣùgbọ́n tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, ṣe ìwádìí àìsàn ìgbóná ní Èpẹ́ ní 1897, ó sì wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Òun náà ka ewé àti egbò sí ohun tí ó yẹ fún ìwádìí títí ó fi kú ní 1935. Ohun tí Sapara kò ní ni ilé-iṣẹ́ tí yóò máa bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ampofo ní in, òun ni ó sì dá a sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá mọ̀ nípa rẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá.

ÌBÍ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 1908 ni a bí Oku Ampofo ní Amanase, ní apá ìlà-oòrùn Ghana. Amanase wà lára àwọn ibùdó tí àwọn àgbẹ̀ oníkòkó láti òkè Akuapem lọ tẹ̀dó sí nígbà tí ilẹ̀ kò tó wọn mọ́ nílé. Mampong-Akuapem ni ìlú rẹ̀ gan-an. Orí òkè ni ìlú yìí wà, ní àríwá Accra, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tutù ju ti etí òkun lọ. Kí orúkọ Ampofo tó gbilẹ̀, ẹlòmíràn ti sọ Mampong di olókìkí: ibẹ̀ ni Tetteh Quarshie gbin àwọn èso kòkó tí ó mú bọ̀ láti Fernando Po sí ní 1879. Nínú oko kékeré yẹn ni ọ̀pọ̀ kòkó ilẹ̀ Ghana ti ṣẹ̀.

Ampofo ni ọmọ ilẹ̀ Ghana àkọ́kọ́ tí ìjọba fún ní ẹ̀bùn owó láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ di dókítà ní láti ní ẹbí olówó tàbí kí ìjọ Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́. Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland ni ó lọ, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn dókítà ilẹ̀ Áfíríkà ìgbà àtijọ́ ti gba ìwé-ẹ̀rí wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni ó kọ́ dé láti ibẹ̀. Bí ó ti ń kọ́ nípa ara ènìyàn ni ó tún ń kọ́ iṣẹ́ ère gbígbẹ́. Títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ó fi ń gbẹ́ ère. Igi dúdú àti mahogany ni ó ń lò, ó sì ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ère ńláńlá. Wọ́n kà á mọ́ àwọn aṣáájú iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé ní ilẹ̀ Ghana, ó sì wà lára ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà mẹ́fà tí a mọ̀ sí Akwapim Six.

Àwọn kan a máa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ méjèèjì yìí bí ẹni pé ènìyàn méjì ni ó ń ṣe wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbẹ́gilére tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ kì í bá igi jà. Yóò kọ́kọ́ wo bí iṣan igi náà ti sáré kí ó tó gbé àáké lé e. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni Ampofo fi wo egbòogi. Kò gbà pé ohun tí baba ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀ jẹ́ ohun ẹ̀gàn nítorí pé ó lọ sí Edinburgh, kò sì gbà pé kò ṣeé yẹ̀ wò nítorí pé baba ńlá ni ó fi í sílẹ̀.

ÌPADÀBỌ̀ SÍ MAMPONG

Ní nǹkan bí ọdún 1940 ni ó ti padà sílé, ó sì ṣí ilé ìwòsàn ti ara rẹ̀ sí Mampong. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́. Oògùn tí a ń kó wá láti òkè òkun kò rí ọkọ̀ gbé e wá dáadáa. Nígbà tí àwọn ará Japan gba erékùṣù Java ní 1942, níbi tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú kuníìnì ayé ti ń wá, oògùn ibà di ọ̀wọ́n káàkiri ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Dókítà tí ó wà ní ìlú kékeré ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò lè máa retí ohun tí ọkọ̀ ojú omi yóò gbé dé. Bẹ́ẹ̀ sì ni kuníìnì náà, tí gbogbo ènìyàn ń wá, èèpo igi ni. Àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà ti ń lo èèpo igi cinchona fún ibà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, 1820 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé méjì sì yọ kuníìnì jáde láti inú rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ọ̀wọ́n oògùn, ohun mìíràn tún wà. Dókítà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò rí i pé àwọn àìsàn kan wà tí oògùn òyìnbó kì í tètè borí: ikọ́ fée, làkúrègbé, ìtọ̀ ṣúgà, àwọn àìsàn ara kan tí ó máa ń jó ènìyàn bí iná. Yóò sì rí i pé aláìsàn tí òun ti gbé owó oògùn lé lọ́wọ́ gba ọ̀dọ̀ onísègùn ìbílẹ̀ lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú àlàáfíà. Ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà ni ì bá ṣẹ́nu sí i. Ampofo ní tirẹ̀ lọ bá àwọn onísègùn náà, ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n lò, ó sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀.

Èyí kò rọrùn bí ó ti dùn ún sọ. Nínú àṣà Akan, bí ó ti rí nínú ti Yorùbá, ìmọ̀ ewé kì í ṣe ohun tí a ń pín láàárín ọjà. Baba a máa fi í lé ọmọ lọ́wọ́, ọ̀gá a máa fi í han ọmọ-iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, ẹni tí ó bá sì sọ ọ́ fún àjèjì ti ta oúnjẹ ẹnu ara rẹ̀ nù. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Ọ̀pọ̀ egbòogi ilẹ̀ Áfíríkà ni àjèjì ti kó lọ, tí ẹni tí ó fi í hàn wọ́n kò sì rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó wà nínú ewu nínú iṣẹ́ Ampofo pọ̀ ju ìmọ̀ lásán lọ. Bí onísègùn bá pa ẹnu mọ́, ìmọ̀ náà yóò bá a wọ kòtò. Bí ó bá sì sọ̀rọ̀, ó lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó lè gbà yanjú rẹ̀ ni kí ibi kan wà, tí òfin mọ̀ sí, níbi tí onísègùn àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti lè jókòó pọ̀.

ILÉ-IṢẸ́ TI 1975

Ní 1975, ní ìgbà ìjọba ológun Acheampong, òfin kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 344 dá Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ nípa Egbòogi sílẹ̀ ní Mampong-Akuapem. Ampofo ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin nígbà náà, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òfin náà pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ yìí máa ṣe ìwádìí, kí ó sì máa bá ẹgbẹ́ àwọn onísègùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Ghana àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ṣiṣẹ́ pọ̀. Kókó pàtàkì ni èyí, nítorí pé ọdún mẹ́ta ṣáájú ìpàdé Alma-Ata ti 1978 ni, ìpàdé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ké sí àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n gba àwọn onísègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú ètò ìlera. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, 1987 ni a tó dá NIPRD sílẹ̀ ní Abuja fún ìwádìí oògùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti ń yẹ orin ata àti àwọn egbòogi mìíràn wò ṣáájú ìgbà náà.

Bí iṣẹ́ ti ń lọ ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ fún àlàyé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ti í ní sùúrù. Bí egbòogi kan bá dé, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti mọ ohun tí í ṣe. Wọn yóò gba ẹ̀ka rẹ̀ pẹ̀lú ewé àti òdòdó, wọn yóò tẹ̀ ẹ́, wọn yóò gbẹ ẹ́, onímọ̀ nípa ewéko yóò sì fún un ní orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà yóò wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Wọn yóò fún àwọn èkúté ní díẹ̀díẹ̀, wọn yóò máa pọ̀ ọ́n sí i, láti mọ ibi tí májèlé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé kò ní ewu ni wọ́n tó ń fún aláìsàn, tí wọn yóò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò ṣáájú àti lẹ́yìn.

Ìpele àkọ́kọ́ yẹn, ti orúkọ, kan àwọn tí ń kọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Ewé kan lè ní orúkọ mẹ́ta láàárín Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Èkìtì. Orúkọ kan náà sì lè jẹ́ ti ewé méjì tí ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe fún mímu. Asófẹ́yẹjẹ, tí àwọn onísègùn fi ń tọ́jú àárẹ̀ ọpọlọ, ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ṣùgbọ́n àpọ̀jù rẹ̀ lè pa ènìyàn. Bí ẹni tí ó ń kọ orúkọ sílẹ̀ kò bá fi àmì ohùn sí i, tí kò sì sọ ìlú tí ó ti gbọ́ ọ, àkọsílẹ̀ rẹ̀ lè pa ẹni tí yóò kà á. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni èyí kí ó tó di ti dókítà, ó sì dunni pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá díẹ̀ ni ó ka á sí iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní 1977, Ampofo kọ àpilẹ̀kọ kan nípa àwọn ewéko tí ń woni sàn sínú ìwé ìròyìn World Health tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń tẹ̀ jáde. Àwọn ènìyàn ilẹ̀ mìíràn tipa èyí gbọ́ nípa Mampong. Lára ohun tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni Desmodium adscendens fún ikọ́ fée, koríko tí ń fà nílẹ̀ tí èso rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tí ó bá gba oko kọjá. Wọ́n tún lo Combretum mucronatum fún sòbìà, àìsàn tí ó ṣì ń dá àwọn abúlé Ghana àti Nàìjíríà lóró nígbà náà. Ní 1983 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, èyí tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní First Aid in Plant Medicine, kí ẹni tí ó jìnnà sí ilé ìwòsàn lè rí ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Ó hàn nínú iṣẹ́ yìí pé kò fẹ́ kí ìmọ̀ náà di ti àwọn dókítà nìkan.

NIBIMA, TÀBÍ PÀRÁNPUPA

Ìtàkùn tín-ín-rín ni pàránpupa. Ó máa ń wé mọ́ igi mìíràn, ewé rẹ̀ ń kojú ara wọn ní méjì-méjì. Bí a bá gé e, omi kan yóò jáde lára rẹ̀, bí omi náà bá sì ti ń gbẹ ni yóò máa pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Orúkọ tí Yorùbá fún un bá èyí mu, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti Látìn, Cryptolepis sanguinolenta, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni ó wà nínú apá kejì rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ni a ń lò. Inú rẹ̀ pọ́n bí ìpọ́n-rúsúrúsú, ó sì korò gidigidi.

Ohun tí ó mú kí gbòǹgbò náà korò ni èròjà tí a ń pè ní cryptolepine. Ìtàn èròjà yìí ṣe àjèjì díẹ̀. Ní 1906 ni àwọn onímọ̀ kan ní Yúróòpù ti ṣe é nínú yàrá àyẹ̀wò láìmọ̀ pé igi kankan ní in. Ní 1929 ni a rí i nínú irú ìtàkùn yìí kan tí ó wá láti Congo. Ní 1951 sì ni a yọ ọ́ jáde láti inú pàránpupa tí a kó láti ilẹ̀ Nàìjíríà. Nítorí náà, láti ilẹ̀ Nàìjíríà ni èyí tí a kọ́kọ́ yọ láti inú rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n àwọn ará Ghana ni ó sọ ọ́ di oògùn. Ní yunifásítì tí ó wà ní Kumasi, àwọn onímọ̀ bí Tackie àti Dwuma-Badu ṣiṣẹ́ lórí kẹ́míkà rẹ̀. Ní Mampong, Ampofo àti Dókítà Boye ń fún àwọn aláìsàn ní omi gbòǹgbò náà fún ibà, fún àìsàn ojú ìtọ̀ àti fún ikọ́. Ní 1983, àpérò kan wáyé ní Kumasi lórí cryptolepine nìkan, níbi tí Boye àti Ampofo ti sọ ohun tí ojú wọn rí.

Ìdánwò tí ó wá lẹ́yìn ìyẹn ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí jù. Boye kó àwọn aláìsàn ibà ní ilé ìwòsàn Mampong, ó fún àwọn méjìlá ní egbòogi náà, ó sì fún àwọn mẹ́wàá ní chloroquine, oògùn tí gbogbo ayé ń lò nígbà náà. Ní 1989 ni èsì rẹ̀ jáde. Ara gbígbóná àwọn tí ó lo egbòogi wálẹ̀ láàárín wákàtí 36. Ti àwọn tí ó lo chloroquine gba wákàtí 48. Ṣùgbọ́n kòkòrò ibà kò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó lo egbòogi títí di nǹkan bí ọjọ́ 3.3, nígbà tí ó gba chloroquine ní ọjọ́ 2.2 péré.

Oníṣòwò tí ń pariwo àgbo nínú ọkọ̀ yóò sọ apá kìíní èsì yìí, yóò sì gbé ìkejì mì. Ẹni tí ó kórìíra àgbo yóò ṣe òdìkejì rẹ̀. Iyì Mampong ni pé wọ́n sọ méjèèjì. Ènìyàn méjìlélógún kéré, kò tó ohun tí a ó fi gbé òfin kalẹ̀ fún orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ ó tó láti fi hàn pé ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa nibima kì í ṣe àlá.

Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ náà kò ṣeé fi pamọ́. Àwọn onímọ̀ ti rí i nínú yàrá àyẹ̀wò pé cryptolepine máa ń wọ inú ohun àjogúnbá tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí ó sì lè pa sẹ́ẹ̀lì náà. Agbára kan náà tí ó fi ń pa kòkòrò ibà lè di ewu fún ẹni tí ó mu ún bí ó bá pọ̀ jù tàbí bí ó bá pẹ́ jù lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí aláboyún lè máa mu bí omi. Bí a bá ń sọ pé egbòogi kò ní ìpalára nítorí pé Ọlọ́run ni ó dá a, ó yẹ kí a rántí pé Ọlọ́run náà ni ó dá asófẹ́yẹjẹ.

LÁTI INÚ ÌKÒKÒ SÍ INÚ ÀPÒ TÍÌ

Ampofo kú ní 1998, ní ọdún tí ó pé ẹni àádọ́rùn-ún. Ilé-iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ kò bá a kú. Òfin tuntun ti 2011 yí orúkọ rẹ̀ padà díẹ̀, ó ṣì wà ní Mampong títí di òní, ó ṣì ní ilé ìwòsàn tirẹ̀, ó sì ń yẹ egbòogi àwọn ẹlòmíràn wò kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọjà.

Ọ̀kan nínú ohun tí ó tẹ̀ lé iṣẹ́ rẹ̀ ni tíì. Àgbo inú ìgò a máa kan láìpẹ́. Ó wúwo láti gbé, kò sì sẹ́ni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ti òní lágbára bí ti àná. Gbòǹgbò gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná, tí a wọ̀n, tí a sì dì sínú àpò kéékèèké bí tíì Lipton borí púpọ̀ nínú ìṣòro yìí. Bí omi tútù kò bá kàn án, kò ní í bàjẹ́. Ìwọ̀n inú àpò kan náà ni yóò wà nínú èkejì. Aláìsàn kò nílò ìkòkò, omi gbígbóná àti ife ti tó. Ilé-iṣẹ́ Phyto-Riker ní Accra ṣe irú èyí láti inú nibima, ó sì pè é ní Phyto-Laria.

Ní 2010, Bugyei, Boye àti Addy tẹ èsì ìdánwò tíì náà jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Ghana. Boye yìí kan náà ni ó ti bá Ampofo ṣiṣẹ́. Àwọn aláìsàn 44 tí ibà mú, tí kò tíì le, ni wọ́n lò ó. Gíráàmù 2.5 ni ó wà nínú àpò kan, ìgbà mẹ́ta lójúmọ́ ni wọ́n ń mu ún, fún ọjọ́ márùn-ún gbáko. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, kòkòrò ibà ti pòórá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n tún ń ṣọ́ wọn títí di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ibà padà sára àwọn méjì, ọ̀kan ní ọjọ́ kọkànlélógún, èkejì ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ìdá 93.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rí ìwòsàn.

Ìdáhùn sí ìbéèrè ife mélòó àti ọjọ́ mélòó nìyẹn, a kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè tún un ṣe láti wò ó bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Kò sí ẹgbẹ́ kejì tí ó lo oògùn mìíràn tí a lè fi wọ́n wé nínú ìdánwò yẹn. Ọ̀rọ̀ ibà náà sì ti yí padà láti ìgbà ayé Ampofo. Chloroquine tí wọ́n fi díwọ̀n nibima ti di aláìlágbára. Ghana pa á tì ní 2004, Nàìjíríà tẹ̀ lé e ní 2005, tí àwọn méjèèjì sì bọ́ sórí àpapọ̀ oògùn tí artemisinin wà nínú rẹ̀.

Artemisinin yẹn náà, ewé ni ó ti wá. Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà, rí amọ̀nà nínú ìwé ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ rẹ̀ tí ó ti lé ní ẹgbẹ̀jọ ọdún, ó sì yọ èròjà náà jáde ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn 1970. Ní 2015 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Síbẹ̀, ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ gbangba pé òun kò fara mọ́ kí a máa fi ewé náà ṣe tíì mu fún ibà, nítorí pé ohun tí ó wà nínú ife kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, àti pé ìwọ̀n kékeré lè kọ́ kòkòrò ibà bí yóò ṣe máa borí oògùn. Iyèméjì yìí kan tíì nibima pẹ̀lú. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí ó wà fún un ni irú ìdánwò tí Mampong bẹ̀rẹ̀, tí yóò tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Nàìjíríà, lára ọ̀pọ̀ egbòogi tí NAFDAC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni a ti ń kà á pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé egbòogi náà lè ṣe wò. Ẹni tí ó bá ra irú rẹ̀ ní ọjà ní láti ka àkọlé náà dé ìsàlẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2021, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Ghana fọwọ́ sí i pé kí a dán nibima wò fún àìsàn Covid-19. Kò pẹ́ tí ariwo fi gba ìgboro, tí àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbòǹgbò náà kiri kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìṣòro mìíràn wà nínú èyí. Ẹni tí ó bá já ewé fi igi sílẹ̀ láti tún rú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wa gbòǹgbò ti gbé ìtàkùn náà tán. Láàárín àwọn àgbẹ̀ Ghana, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín ní oko, nítorí pé ohun tí ó kù nínú igbó kò tó nǹkan mọ́. Ìtàkùn náà sì ní láti dàgbà, kí gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, kí a tó lè wà á fún tíì.